Láwàní Tí Kò Bá Mi Padà Láti Ọ̀wọ̀

Kí n tó sọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ fún yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ orí mi. Ẹ̀yin ará Ìwó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Àpáta-ń-rìn láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó yọ síwájú, ó tún yọ sẹ́yìn, àárín ẹ̀ wá tẹ̀ bí ìrọ̀rí tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀. Làpálàpá tún ya máàpù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Nígbà tí a wà ní girama, tíṣà wa kan ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun fi bí odò ṣe ń ya han kíláàsì. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn láwàní nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìfẹ́ ẹ̀sìn ni, irọ́ ló ń bá mi pa.

Lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni mo parí girama. Èsì ìdánwò ò tíì jáde, mo sì ń lọ ilé kéwú Alfa Sùlèmọ́nù lójoojúmọ́. Mo ti ka Kùránì parí. Ohun tó kù ni kí Alfa wé láwàní fún mi níwájú jámáà, kí n lè máa kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sọ tiẹ̀: tí láwàní yìí ò bá bọ́ sí i títí Ìtúnu Ààwẹ̀, Ìbàdàn ni òun ń mú mi lọ, kí n lọ kọ́ṣẹ́ táyà lílẹ̀. Ẹ fojú inú wo èmi àti táyà. Èwo lẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí?

Alfa bá pè mí.

"Lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi Bùráímọ̀ tó ń rán fìlà wà níbẹ̀, èmi àti ẹ̀ la jọ kéwú. O mọ ìrun, o mọ ààwẹ̀, o mọ Kùránì. Ẹni tí o ò tíì mọ̀ ni náfúsì ẹ, ẹni tó ń gbé inú ẹ tó ń pe ara ẹ̀ ní 'èmi'. Lọ gba ààwẹ̀ lọ́dọ̀ Bùráímọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá rán ẹ sí mi ni màá fi mọ̀ bóyá kí n wé e tàbí kí n má wé e."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Ọjọ́ kejì, mo lọ ra láwàní tèmi lọ́jà. Ṣé èèyàn á lọ sílùú onílùú kí wọ́n má mọ̀ pé alfa dé ni?

Uso

Lọ́rì tó gbé wa láti Àkúrẹ́ dákú ní Uso. Dírẹ́bà ní kò ní pẹ́. Ẹ mọ kò-ní-pẹ́ dírẹ́bà.

Mo ń gba ààwẹ̀. Láwàní mi funfun báláú, mo sì wé e ga débi pé ìdodo ni mò ń wò nínú lọ́rì, torí bí mo bá gbórí sókè, á kan òrùlé. Obìnrin kan wà lẹ́bàá títì tó ń sun àgbàdo. Ẹ̀yin èèyàn mi, òórùn àgbàdo yẹn pè mí lórúkọ. Mo rántí pé ẹ̀sìn gba arìnrìn-àjò láyè láti ṣínu, kó san án padà tó bá délé. Mo mọ ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé láwàní ò mọ̀ ọ́n. Mo bá ra àgbàdo, mo kọjú sí ìdí igi kòkó kan, mo ń jẹ ẹ́ níkọ̀kọ̀.

"Alfa," obìnrin náà pariwo, "ẹ yíjú sí wa jàre! Igi yẹn ò ní bá yín jẹ ẹ́."

Gbogbo èrò lọ́rì bú sẹ́rìn-ín.

"Arìnrìn-àjò ni mí, ìyá. Ẹ̀sìn gbà mí láyè."

"Mo kúkú mọ̀. Mùsùlùmí lọkọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń sá fún ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún un?" Ó mú àgbàdo kan sí i, èyí tó sun dáadáa, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ má sanwó eléyìí. Ti láwàní ni. Òun náà rìnrìn-àjò."

Mo jẹ ti èmi, mo jẹ ti láwàní. Nígbà tí a kọjá Emure-Ile, mo ṣì ń fi ahọ́n wá èyí tó há sí mi léyín.

Níbi ọkọ̀, Ọ̀wọ̀

Bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, agogo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Agogo níhìn-ín, agogo lọ́hùn-ún, kò sí ìlù kankan. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kò sí fìlà. Àwọn ọkùnrin wọ agbádá ńlá, orí wọn lásán. Àwọn obìnrin ò wé gèlè, wọ́n di irun wọn, ó rẹwà bí ẹní oníṣẹ́ ọnà. Mo rò pé ìjì kan ló jà tó kó fìlà gbogbo ìlú lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí mi.

"Ẹ ṣí i o! Àlejò, ẹ ṣí i!"

Wọ́n ń nawọ́ sí láwàní mi. Ẹ wo ohun tí ọpọlọ tó kún inú orí ńlá yìí sọ fún mi: ó ní ìdánwò ìgbàgbọ́ ti dé. Mo bá gun orí àpótí mi, mo gbé ìka sókè.

"Mi ò ní ṣí i! Ẹ pa mí tí ẹ bá fẹ́, mi ò ní ṣí i!"

Ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn. Baba arúgbó kan tó ń ta obì lábẹ́ igi ló dá mi lóhùn, ohùn ẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ló ní kóo kú? Ìwọ ṣáà ṣí fìlà."

Ọkùnrin kan bá ya èrò dé ọ̀dọ̀ mi. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn ẹ̀, orí ẹ̀ pá, oòrùn ń tàn yanran lórí ẹ̀.

"Ṣé ìwọ lọmọ Ìwó tí Sùlèmọ́nù ní ó ń bọ̀?"

"Èmi ni, sà. Ẹ gbà mí o, Alfa. Wọ́n ní kí n ṣí láwàní torí pé Mùsùlùmí ni mí."

"Wò mí," ó ní, ó tẹ orí ẹ̀ síwájú kí n lè rí i dáadáa. "Èmi náà, kí ni mí? Ọdún Igogo la wà. Lásìkò yìí, àwọn ará ìlú kì í dé fìlà nígboro, a kì í lùlù, agogo là ń lù. Bí àwọn àgbà ṣe bá a nìyẹn. Ìlú ló gbà wá, ìlú ní ká ṣí fìlà, a ṣí i. Sọ̀kalẹ̀."

"Alfa, ṣé ìrun á gbà?"

"Iwájú orí lo fi ń kanlẹ̀ tóo bá ń kírun, àbí láwàní?"

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, mo ń tú u, kò tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí orí mi jáde síta tán, dírẹ́bà tó ń pe èrò Ifọ̀n gbàgbé pé òun ń pe èrò. Baba olóbì yẹn gbé ojú sókè, ó wò mí títí, ó mí kanlẹ̀.

"Háà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó dé e padà o."

Mi ò lè sọ bí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ṣe rí. Alfa Bùráímọ̀ fúnra ẹ̀ gbá mi lọ́rùn mú kó má baà ṣubú. Èmi náà ò fi àkókò ṣòfò, mo gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lẹ́nu: "Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀yin èèyàn mi, èyí tí ẹ rí yìí kéré. Ìyókù ń bọ̀ nínú lọ́rì kejì." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Ojú ẹsẹ̀ ni mo di ọmọ Ọ̀wọ̀. Ẹnì kan bá mi gbé àpótí, ẹlòmíràn fún mi ní ọsàn kí n fi ṣínu.

Mo kàn rí i pé Alfa ti dá ẹ̀rín tiẹ̀ dúró, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ń wọn aṣọ.

Ṣọ́ọ̀bù onífìlà

Ẹni tó ń rán fìlà nílùú tí wọn kì í dé fìlà lásìkò ọdún: Alfa mi nìyẹn. Ó ta aṣọ bo àwọn fìlà tó wà lára ògiri, ó ń rán bùbá kó tó di pé ọdún kọjá. Ojú ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí, mò ń ta bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Àwọn ará àdúgbò á kọjá, wọ́n á ní "Orí Ìwó, ẹ káàárọ̀ o!" Tí wọ́n bá ń sọ èdè tiwọn láàárín ara wọn, ó máa ń dà bíi pé mo mọ bàbá ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọmọ ẹ̀. Tí wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n á sọ èyí tó yé mi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo máa ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ tuntun nípa orí mi, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aládùúgbò wa tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ń yan ẹran ìgbẹ́ lẹ́yìnkùlé. Èéfín ẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ wá wá. Alfa dá máṣíìnì dúró, ó di imú, ó na ìka sí àyà ara ẹ̀.

"Amáárà, jókòó."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ta lẹ ń bá wí, Alfa?"

"Náfúsì mi. Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́ta tó ń gbé inú èèyàn nìyẹn, náfúsì amáárà, ẹni tó ń pàṣẹ ìkà fún èèyàn: jẹ, gbà, gbé ara ẹ ga, má gbà fún wọn. Tèmi ti darúgbó, ó ti ń lo gíláàsì, ṣùgbọ́n tó bá gbóòórùn ẹran ìgbẹ́, á sáré bí ọmọdé."

"Ẹnì kejì ńkọ́, sà?"

"Lawáámà. Òun ni ẹni tó ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Èèyàn á ṣe tán, á ní: kí ló dé tí mo ṣe báyẹn? Ẹni ọ̀wọ̀ ni o. Ọlọ́run fi í búra nínú Kùránì."

Inú mi dùn. Mo tún ìjókòó ṣe. "Alfa, a jẹ́ pé mo ti dé ibẹ̀ nìyẹn! Kò sí ohun tí mò ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́ ju kí n máa bú ara mi lọ."

Alfa fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo ti ń retí kóo sọ bẹ́ẹ̀. Gbọ́, ọmọ mi. Lawáámà ń dá èèyàn lẹ́bi kó lè yí padà. Ìwọ ń dá ara ẹ lẹ́bi kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Tóo bá bú orí ẹ tán, ta ni gbogbo àdúgbò ń wò?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́tìnnì tí kò sọnù.

"Ìwọ náà ni. Amáárà lèyí o, ó kàn lọ yá láwàní lawáámà wé."

"Alfa, ṣé kí n má ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí o rí mi níbi ọkọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Máa ṣẹ̀fẹ̀ ẹ. Kàn máa wo ẹni tó ń jẹ oúnjẹ nídìí ẹ̀."

Ọjọ́ kejì, mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀ orí mi rárá. Kó tó di ọ̀sán, inú mi ti wú bí ti ẹni tó jẹ ẹ̀wà àná. Mo bi Alfa léèrè ẹnì kẹta. Ó ní òun ni ọkàn tó ti balẹ̀, èyí tí Ọlọ́run ń pè pé kó padà wá sọ́dọ̀ òun, inú ẹ̀ dùn, inú Olúwa ẹ̀ sì dùn sí i.

"Báwo ló ṣe rí, Alfa?"

Ó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. "Mo máa ń rí ẹ̀yìn ẹ̀ nígbà míì," ó ní. "Ó máa ń yára rìn."

Ọ̀nà Ipele

Nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó parí, Alfa sọ fún mi pé àwọn jámáà kékeré kan ní Ipele ń retí oníwàásù níbi ìṣínu, òun sì ti sọ fún wọn pé alfa ọ̀dọ́ kan láti Ìwó ń bọ̀.

"Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni màá ti mú ọ̀rọ̀ tí màá rán ẹ sí Sùlèmọ́nù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí táyà ní apá ọ̀tún, mo rí láwàní ní apá òsì. Mo há wáàsí kan sórí, Lárúbáwá inú ẹ̀ tó láti kún ọkọ̀ lọ́rì. Bí a ṣe jáde kúrò nígboro Ọ̀wọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè ní ká ṣí nǹkan mọ́, mo fa láwàní mi yọ nínú àpò, mo wé e. Mo wé e ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Alfa fa fìlà pelebe kan yọ lápò tiẹ̀, ó dé e, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí Ipele ò jìnnà mọ́, a bá ìyá àgbà kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu méjì. Alfa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí, Ìyá Dèbórà," ó sọ fún mi. "Ìyá kan náà ló bí wa. Òun gba ṣọ́ọ̀ṣì ìyá wa, èmi gba mọ́ṣáláṣí bàbá."

"Iṣu tí ẹ máa fi ṣínu nìyí," ìyá náà ní. "Ẹni tó ní òun á bá mi rù ú ò wá. Iṣu tuntun ni, mi ò lè fún ẹ̀yin tó ti ń pebi mọ́nú látàárọ̀ ní gàrí." Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. "Bùráímọ̀, ta lèyí? Ṣé iṣu wà lábẹ́ aṣọ orí ẹ̀ ni?"

"Alfa wa nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Òun ló máa ṣe wáàsí."

"Ẹ káàbọ̀, alfa. Orí yín ga o."

Alfa ṣí fìlà ẹ̀, ó fi ewé ṣe òṣùká, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ, kò wẹ̀yìn. Apẹ̀rẹ̀ kejì wá wà nílẹ̀, èmi àti Ìyá Dèbórà wà lórí ìró. Apẹ̀rẹ̀ ò lè jókòó lórí láwàní. Tí mo bá sì tú láwàní tí mo ju sápò, Alfa ti já ewé tó wà nítòsí tán, igun iṣu á wọ inú máàpù tó wà lórí mi.

Mo dúró. Ẹni àkọ́kọ́ inú mi ní: alfa kì í ru iṣu, wọ́n ń dúró dè ẹ́. Ẹnì kejì ní: ìwọ yìí, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́, ìyá arúgbó dúró o tún ń rò ó. Àwọn méjèèjì ń jà, ìyá ń wò mí.

Mo tú u. Mo yí i ká, mo yí i ká, ó di òṣùká funfun kan tó tóbi bí ìdí ìkòkò. Mo gbé e lé orí, ìyá bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ lé e.

"Háà!" ó ní, ó pàtẹ́wọ́. "Òṣùká olówó! Iṣu ò tíì jókòó lórí irú ẹ̀ rí ní Ipele."

Iyán

Báyìí ni alfa ọ̀dọ́ láti Ìwó ṣe wọ Ipele. Àwọn bàbá ti jókòó lórí ẹní níwájú mọ́ṣáláṣí alámọ̀ kékeré kan, wọ́n kí Alfa Bùráímọ̀ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n rí alábàárù kan tó ń làágùn.

"Alfa Ìwó ńkọ́?" ọ̀kan nínú wọn bi mí.

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, sà," ni mo wí. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Ìyá Dèbórà àti àwọn obìnrin gbé odó síta, ìró ọmọ odó ló gba gbogbo àdúgbò. Nígbà tí oòrùn wọ̀, a fi omi ṣínu, a kírun, iyán bá dé. Mo ti jẹ iyán nílé wa, mo tilẹ̀ ti jẹ ẹ́ níbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n iyán iṣu tuntun Ipele, tó ń fà bí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran ìgbẹ́ ń yọjú nínú ẹ̀! Mo wo Alfa. Ojú ẹ̀ ti di. Ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Amáárà, dìde, ó ti tó àkókò."

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n tún bèèrè alfa Ìwó. Alfa Bùráímọ̀ nawọ́ sí mi. Wọ́n wò mí, wọ́n wo orí mi tí ìdọ̀tí iṣu wà lára ẹ̀, wọ́n wo ara wọn.

Mo dìde. Mo wá wáàsí tí mo há, mi ò rí i. Bóyá apẹ̀rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ fọ́. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà fún wọn. Mo ní ẹni méjì ń jà nínú mi, ọ̀kan ń gbé mi ga, ọ̀kan ń bú mi. Mo ní nígbà tí iṣu wọ̀ mí lọ́rùn, àwọn méjèèjì dákẹ́. Ibi tí màá gbé ẹsẹ̀ lé nìkan ni mò ń wò, orin tí Ìyá Dèbórà ń kọ lábẹ́ imú nìkan ni mò ń gbọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni ọkàn tó balẹ̀ ń gbé. Bóyá ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni mo dé, tí mo yọjú wo inú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ dùn, ẹ̀yin bàbá mi. Ibẹ̀ dùn gan-an ni."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan rọra ní "Àmín." Ìyá Dèbórà náà ṣe "Àmín" láti ẹ̀gbẹ́ odó. Ẹ̀fọn kan bá jẹ mí láàárín orí, mo gbá a, ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé mo ní orí.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ìyá mú òṣùká mi wá. Ẹrẹ̀ àti oje iṣu ti sọ ọ́ di nǹkan míì. Ó ní òun á fọ̀ ọ́ kó tó funfun padà.

"Ẹ fi ṣe tiyín, Ìyá," mo ní. "Ọ̀dọ̀ yín ló ti níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ilé

Ọjọ́ kejì Ìtúnu, Alfa Bùráímọ̀ sìn mí dé ibi ọkọ̀. Baba olóbì ṣì wà lábẹ́ igi. Ó fún mi lóbì kan, ó ní kí n kí gbogbo àwọn tó ń bá mi gbé orí náà. Mo bi Alfa léèrè ọ̀rọ̀ tí màá mú lọ.

"Sọ fún Sùlèmọ́nù pé mo ti rí orí ẹ."

"Ìyẹn nìkan, sà? Alfa, ẹ ṣàánú mi, wọ́n á mú mi lọ lẹ táyà o!"

"Sọ ọ́ báyẹn, á yé e. Máa lọ, Ọlọ́run á sìn ẹ́."

Nígbà tí mo dé Ìwó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti jókòó sọ́dọ̀ Alfa Sùlèmọ́nù, àpò aṣọ mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, orí mi lásán.

"Láwàní tóo rà lẹ́yìn mi ńkọ́?" Alfa ní. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀.

"Ó ń ru iṣu ní Ipele, sà."

"Kí ni Bùráímọ̀ ní kóo sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ti rí orí mi."

Tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ Alfa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú ẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kó gbé àpò náà padà sílé. "Lọ́la ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ. Àá wé láwàní fún un lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wá báyìí, kí àwọn ọmọ rí orí."

Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe jáde, Alfa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣí láwàní tiẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí orí ẹ̀ rí. Ẹ̀yin ará ilé, èmi tí ẹ ń pè ní Àpáta-ń-rìn! Orí Alfa tẹ́ lókè bí ìdí odó, ó wá fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí etí agbọ̀n. Tèmi ò ṣeé fi wé e.

"Nígbà tí mo wà bíi tìẹ," ó ní, "àsìkò Igogo náà ni bàbá tó kọ́ wa ní kéwú rán mi lọ sí Ọ̀wọ̀."

Ó rọra dé láwàní ẹ̀ padà, ó fà á wálẹ̀ dáadáa.

"Baba kan wà níbi ọkọ̀ tó ń ta obì. Ṣé ó ṣì wà láyé?"